Ṣé Kí Ẹni Tí Kò Tíì Mọ̀ Tán Sọ̀rọ̀?

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ jẹ́ kí á jọ yẹ ọ̀rọ̀ kan wò. Bí ewu bá ń bọ̀, tí onímọ̀ sì ti rí díẹ̀ nínú rẹ̀, ṣé kí ó kígbe lójú ẹsẹ̀ ni, àbí kí ó dúró títí ìmọ̀ rẹ̀ yóò fi pé?

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2011, ní agogo mẹ́ta ọ̀sán ku ìṣẹ́jú 14, ilẹ̀ mì tìtì lábẹ́ òkun ní ìlà-oòrùn Japan. Àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ilẹ̀ fi ohun tí wọ́n gbọ́ ránṣẹ́ lọ́gán. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 3, iléeṣẹ́ tó ń rí sí ojú ọjọ́ níbẹ̀ ti kéde pé ìgbì òkun ń bọ̀: mítà 6 ní Miyagi, mítà 3 ní Iwate àti Fukushima. Orí 7.9 tí wọ́n kọ́kọ́ pe agbára ìmìtìtì náà ni wọ́n gbé ìṣirò yìí kà. Ẹ̀yìn-ò-rẹyìn ni a mọ̀ pé 9.0 ni. Ẹ má ṣe rò pé ìyàtọ̀ kékeré nìyẹn o: agbára tó tú jáde ju ti ìṣirò àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po 40 àti jù bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó di ìṣẹ́jú 28 lẹ́yìn ìmìtìtì náà, wọ́n sọ ọ́ di mítà 10 fún Miyagi, mítà 6 fún àwọn méjì yòókù. Ṣùgbọ́n iná ti lọ ní ọ̀pọ̀ ibi, àwọn kan kò gbọ́ àtúnṣe yìí rárá. Mítà 3 tí wọ́n ti gbọ́ ló wà lọ́kàn wọn, wọ́n sì ní odi òkun tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó kú àti àwọn tí a kò rí mọ́ nínú àjálù náà lé ní 18,000.

Ṣé kí iléeṣẹ́ náà ti dákẹ́ ni? Rárá. Bí wọ́n bá dúró de 9.0, omi ì bá ti wọlé kí wọ́n tó lanu. Lójú tiwa, ìkánjú kọ́ ni àbùkù ibẹ̀, iye tí wọ́n dá ni. Ẹni tó bá ní "mítà 3" dà bí ẹni tó ti wọ̀n ọ́n, bẹ́ẹ̀ ẹyin lohùn.

Ní Kyoto, ní Japan kan náà, ibùdó kan wà tó ń ṣírò bí ìjì láti ojú oòrùn ṣe ń da agbára òòfà ayé láàmú. Wọn kì í fi í pamọ́ títí yóò fi pé, ṣùgbọ́n wọ́n ń kọ ọ́ sí i lára kedere: èyí ni ti ojú ẹsẹ̀, èyí ni ti fún ìgbà díẹ̀, èyí ni àṣekágbá. Olúkúlùkù mọ ohun tó ń rà.

Iléeṣẹ́ tó ń kéde ìgbì òkun náà yí ọwọ́ padà ní oṣù kẹta ọdún 2013. Bí ìmìtìtì bá tóbi púpọ̀ tí wọn kò sì tíì rí i wọ̀n dáadáa, wọn kì í dá iye kankan nínú ìkéde àkọ́kọ́ mọ́. Wọn á kàn ní ìgbì ńláńlá ń bọ̀, kí èèyàn sá lọ sórí òkè. Iye ń bọ̀ lẹ́yìn, nígbà tí wọ́n bá ti wọ̀n ọ́n.