Ìbọn Olówó Pọ́ọ́kú, Ìbọn Olówó Ńlá: Kí Ni Owó Lè Rà fún Ayìnbọn?

Ẹni tí ó ń gbé ní Ajamimogha, àdúgbò kan nínú ìlú Warri, tí ó fẹ́ràn ìbọn yíyìn gẹ́gẹ́ bí eré ìdárayá, tí ó sì ń ronú bóyá ìbọn olówó pọ́ọ́kú ni òun yóò rà tàbí èyí tí owó rẹ̀ ga fíofío, lè rò pé ọ̀rọ̀ àpò lásán ni. Ṣùgbọ́n nítorí pé ohun èlò tí ó lè gba ẹ̀mí ni ìbọn, ìbéèrè náà kan ìwà, ó kan ìgbàgbọ́, ó sì kan ojúṣe ẹni sí aládùúgbò rẹ̀.

Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta ní Nàìjíríà: àwọn ohun ìjà ogun àti ìbọn ìléwọ́, tí ó kà léèwọ̀ fún ará ìlú, ìbọn tí ènìyàn lè ní pẹ̀lú ìwé àṣẹ, tí ràífù ọdẹ àti ti eré ìdárayá wà lára wọn, àti ìbọn tí a ń ki láti ẹnu, tí àwọn ọdẹ ń pè ní ṣakabùlà. Ràífù ni ìbọn tí wọ́n fín inú ọ̀pá rẹ̀ ní ìlà tí ó ń lọ́ yípo, kí ọta lè máa pòyì bí ó ti ń jáde, kí ó má sì yà kúrò lójú ọ̀nà.

Àlàfo tí ó wà láàárín iṣẹ́ ràífù olówó kékeré òde òní, bí i Ruger American, àti ti olówó ńlá, bí i Blaser R8 ti ilẹ̀ Jámánì, kò tó àlàfo tí ó wà láàárín iye owó wọn. Láti 100 yáàdì, ọ̀pọ̀ ràífù olówó kékeré lè kó ọta mẹ́ta jọ sí ààyè tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ínǹṣì kan lọ, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ọ̀pọ̀ ayìnbọn kò dúró ṣinṣin tó bẹ́ẹ̀. Igi dáradára, ọnà ara irin, àti ọ̀pá tí a lè yọ kí a fi òmíràn rọ́pò ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó náà ń rà. Ti ṣakabùlà yàtọ̀: ọdẹ á da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, á fi àkísà ki í, á da ọta lé e, á sì tún fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀, bí ẹ̀tù bá pọ̀ jù, tí irin rẹ̀ kò sì nípọn, ìbọn lè bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ògún, òrìṣà tí ó ni irin, ni àwọn Yorùbá, Ẹdó àti Itsekiri jọ mọ̀. Ẹni tí ó ń fi Ògún búra máa ń fi ẹnu kan irin, kò sì sí ẹni tí í béèrè iye tí wọ́n ra irin náà, nítorí pé ẹni tí ó búra ni ìdájọ́ irin ń tọ̀ lọ. Aristotle, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Gíríìsì, fi ìnáwó tí ó yẹ sí àárín ahun àti àṣehàn, Kùránì náà sì yin ẹni tí kì í náwó ní ìnákúnàá, tí kì í sì háwọ́. Ti ìbọn tún ju èyí lọ, nítorí pé kì í ṣe àpò ẹni tí ó ń náwó nìkan ni òṣùwọ̀n rẹ̀, ẹ̀mí ẹlòmíràn wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí wúwo ní Warri àti agbègbè rẹ̀. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Ebrohimi, ìlú Nana Olomu, ọlọ́rọ̀ oníṣòwò Itsekiri, ní ọdún 1894, àgbá tí wọ́n bá níbẹ̀ lé ní 100, síbẹ̀ ohun ìjà tí ọrọ̀ kó jọ kò gba ìlú náà là. Ìjà ẹ̀yà sí ẹ̀yà tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Warri ní 1997, tí ó tún ru sókè ní 2003, sì ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ará ìlú mọ̀ pé ìró ìbọn kì í ṣe ohun eré létí ẹni tí ó ti sá kúrò nílé rí.

Nítorí náà, ó yẹ kí ìnáwó ayìnbọn ní ètò: ìwé àṣẹ, irin tí kò ní bẹ́, àpótí onírin tí ó ní kọ́kọ́rọ́, àti ọta tí yóò fi kọ́ṣẹ́ títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá ti ṣe gbogbo èyí lè fi ẹwà kún un, nítorí ẹwà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbọn tí ó wà lọ́wọ́ ẹni tí kò ṣe wọ́n, ìbáà jẹ́ olówó iyebíye, gbèsè ni, àwọn ẹlòmíràn ni ó sì lè fi ẹ̀mí san án.