Ẹni Tó Mọ Iye Rẹ̀, Ṣé Ó Yẹ Kó Dákẹ́?

A fẹ́ gbé ìbéèrè kan kalẹ̀ síwájú yín: bí ẹnì kan bá mọ iye ohun tó wà lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀, tí ẹni tó ni ín kò sì mọ̀, ṣé ó yẹ kó dákẹ́, kó sì rà á lọ́pọ̀?

Owó àtijọ́ ló mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Owó ẹyọ ni wọ́n ń ná létí odò Ọya níbí kí Lugard tó gbé àsíá Gẹ̀ẹ́sì sókè ní Lókójà ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900. Ní 1907, kọ́bọ̀ oníhò àti onínní bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, náírà gba ipò wọn. Díẹ̀ nínú wọn ṣì wà nísàlẹ̀ àpótí àwọn ìyá wa. Bí àgbà bá papòdà, kí ogójì ọjọ́ tó pé, ẹni tó ń rà á lè ti dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé ọjọ́ orí nìkan kọ́ ní í sọ owó di ọ̀wọ́n. Ní 498, Ọba Anastasius ti Constantinople, ìlú tí à ń pè ní Istanbul lónìí, mú owó idẹ ńlá kan jáde tí wọ́n kọ M sí lára. M yìí dúró fún ogójì owó wẹ́wẹ́, gẹ́gẹ́ bí ogójì owó ẹyọ ṣe jẹ́ okùn kan lọ́dọ̀ àwọn baba wa. Ó ti lé ní 1500 ọdún, síbẹ̀ èyí tí ara rẹ̀ ti parẹ́ kì í wọ́n, nítorí pé ó pọ̀ nílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ́bọ̀ oníhò ọdún 1936 tó ní orúkọ Ọba Edward Kẹjọ. Ọba yìí fi orí ìtẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó dé e ládé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù owó náà ni wọ́n ṣe. Ṣílè ọdún 1913 jẹ́ fàdákà. Èyí tó pupa bíi wúrà lẹ́yìn 1920, idẹ lásán ni. Ẹ wo ọdún, ẹ wo orúkọ ọba, ẹ wá lẹ́tà kékeré bíi H tàbí KN tó ń sọ ibi tí wọ́n ti rọ ọ́. Ẹ má sì fi iyanrìn àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́. Ìyẹn ló ń ba iye rẹ̀ jẹ́.

Ẹni tó ń rà á lè sọ pé, "Ṣebí ọjà ni? Èmi ni mo jìyà kọ́ ìmọ̀ yìí." Òótọ́ ni pé ìmọ̀ lérè. Ṣùgbọ́n bí a bá ń dúnàádúrà lórí ata, àwa méjèèjì la mọ iye ata, a sì lè lọ sí ìsọ̀ kejì. Opó tó di owó ọkọ rẹ̀ mọ́wọ́ kò ní ìsọ̀ kejì. Ohun tó gbà láti tà kọ́ ni ohun tí onítọ̀hún rà. Kí oníbàárà kọ́kọ́ sọ ohun tó rí, kí ó wá béèrè owó iṣẹ́ rẹ̀, tàbí kí wọ́n dúnàádúrà lójú mọ́mọ́. Ẹni tó ta kọ́bọ̀ 1936 fún ọmọ aládùúgbò bí ohun ìṣúra, ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ló dá.

Àwa tí a ti Ọ̀yọ́, Èkìtì, Ìjẹ̀bú àti ibòmíràn wá jókòó síhìn-ín, ọ̀rọ̀ ẹnu wa ni Nupe, Igala, Ebira àti Hausa fi ń gbà wá lálejò. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Ẹ fi owó àtijọ́ han ẹni méjì kí ẹ tó tà á, kí gbogbo mọ̀lẹ́bí sì fohùn ṣọ̀kan. Ẹni tó mọ̀ nínú wa, kó ṣí i payá.