Ajá Tó Ní Ẹni Lẹ́yìn: Àlàyé Òwe Kan àti Ọ̀mì tí Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Ta Nílé

Nínú àwọn òwe tí Yorùbá fi ń sọ̀rọ̀ ìrànlọ́wọ́, ọ̀kan wà tí kò sí ibi tí wọn kì í ti í pa á, ìbáà ṣe nídìí òṣèlú, nídìí òwò, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá bọ́ọ̀lù: "Ajá tó ní ẹni lẹ́yìn yóò pa ọ̀bọ." Ìṣírí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbọ́ nínú rẹ̀, pé kí ẹni tí wọ́n ń pa á fún má fòyà, nítorí pé àwọn kan wà tí ó lè fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n bí a bá tú gbólóhùn náà palẹ̀, a ó rí i pé ó ju ìṣírí lọ, nítorí pé ajá ni ó ni iṣẹ́ pípa, nígbà tí ó jẹ́ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni ohun tí yóò mú kí pípa náà ṣeé ṣe wà. Ẹni tí ó bá pa òwe yìí fún ajá ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ gbèsè, ìyẹn ni pé òun yóò dúró lẹ́yìn lóòótọ́, àti pé bí ọ̀bọ bá lọ, wọn yóò bi òun náà léèrè ibi tí òun wà.

Òwe yìí kò lè yé ẹni tí kò mọ bí ajá ọdẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Odìgbó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí igbó ọba Oluwa wà, tí àwọn ọlọ́kọ̀ gẹdú sì ń gbé ìtì igi gba Òrè kọjá, ohun tí ọdẹ kọ́kọ́ ń mọ̀ ni pé ọ̀bọ kì í ṣe ẹran ajá. Òkété àti ehoro ni ajá lè lé bá lórí ilẹ̀. Orí igi ni ọ̀bọ ń gbé, ajá kò sì lè gun igi, bí ọ̀bọ bá sì tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ní ọwọ́ tí ó fi lè fún ajá lọ́rùn, ó ní eyín tí ó fi lè fa etí rẹ̀ ya. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní ajá kan pa ọ̀bọ, ó dájú pé ẹnì kan ló dúró sí ìdí igi, tí ó ń hó yèè, tí ó ń sọ òkò, tàbí tí ó yin ìbọn tí ẹran fi já bọ́, kí ajá tó fi eyín kàn án. Òwe náà mọ̀ọ́mọ̀ yan ẹran tí ó ju agbára ajá lọ ni, nítorí pé ká ní òkété ni ó dárúkọ, kò ní sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń wá lẹ́yìn ajá.

Inú òwe yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà "alátìlẹ́yìn" ń gbé, èyí tí Yorùbá ń pe ẹni tí ó fi ọkàn rẹ̀ sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan. Fún àwọn ará Òrè àti Odìgbó, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí fún àwọn ará Oǹdó yòókù, ajá tí wọ́n ti ń dúró lẹ́yìn rẹ̀ láti ọdún pípẹ́ ni Sunshine Stars ti Àkúrẹ́, ẹgbẹ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń bọ́, tí ó jáwálẹ̀ kúrò nínú líìgì àgbà Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ń pè ní NPFL, ní ìparí sáà 2024/2025, tí ó sì bọ́ sí ìpele kejì tí í ṣe NNL. Ìdajì eré tí ẹgbẹ́ kan ń gbá nínú líìgì ni ó ń gbá nílé, ìyẹn lórí pápá tirẹ̀, níwájú àwọn ènìyàn rẹ̀, ìdajì tó kù sì ni ó ń rìnrìn-àjò lọ gbá. Bí ẹgbẹ́ méjì bá gbá a tí góòlù wọn dọ́gba, Yorùbá a ní wọ́n ta ọ̀mì, ọ̀rọ̀ tí ó ti ìdí ayò wá. Ọpọ́n ayò ní ihò 12, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin sì ń wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan, tí àpapọ̀ wọn fi jẹ́ 48. Ẹni tí ó bá jẹ ju 24 lọ ni ọ̀ta, ẹni tí wọ́n jẹ ni òpè, bí ó bá sì di 24 sí 24, ọ̀mì dé nìyẹn. Ọ̀mì ayò kì í dun ẹnikẹ́ni títí, nítorí pé wọn yóò tún ọmọ ayò dà sí ihò ni, wọn yóò sì tún un ta, abẹ́ igi tí wọ́n jókòó sí kì í sì í ṣe ilé ẹnì kan ju ti ẹnì kejì lọ. Ọ̀mì bọ́ọ̀lù kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì wà nílé rẹ̀.

Ìṣirò ti alátìlẹ́yìn tí ó bá ní "wọ́n jẹ wá" lẹ́yìn ọ̀mì lẹ́sẹ̀ ju bí àwọn tí ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ ti rò lọ. Láyé àtijọ́, póìntì méjì ni ẹgbẹ́ tí ó bá borí máa ń gbà, ọ̀mì sì ń fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kan, tí ó fi jẹ́ pé méjì ló wà nílẹ̀, méjì náà ni wọ́n pín, kò sí èyí tí ó nù. Líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún ẹni tí ó borí ní mẹ́ta ní 1981, wọ́n lò ó ní Ife Àgbáyé ti 1994, àjọ FIFA sì sọ ọ́ di ti gbogbo ayé ní 1995. Láti ìgbà náà ni ọ̀mì kò ti jẹ́ ìdajì ìṣẹ́gun mọ́, ó di ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹgbẹ́ ilé mú ọ̀kan, àlejò mú ọ̀kan, ẹ̀kẹta sì wọlẹ̀ láìsí ẹni tí ó jẹ ẹ́. Nínú líìgì ẹlẹ́gbẹ́ 20, eré 19 ni ẹgbẹ́ kan ń gbá nílé, èyí tí ó túmọ̀ sí póìntì 57 bí ó bá borí nínú gbogbo rẹ̀. Ọ̀mì mẹ́fà péré yóò yọ 12 kúrò nínú rẹ̀. Ní ìpele ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń pín àwọn ẹgbẹ́ sí ìsọ̀rí tí eré ilé kò sì tó 19, iye tí eré ilé kan ṣoṣo gbé lórí tún pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń hàn gbangba jù ni ara àwọn ọmọ tí ń ṣa bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Bí ẹgbẹ́ ilé bá ti fi góòlù kan ṣíwájú, ọmọ tí bọ́ọ̀lù bá yí lọ bá yóò kọ́kọ́ wò ó bí ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí, yóò rọra dìde, yóò gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò ní ìdí ṣòkòtò rẹ̀, kí ó tó rántí pé wọ́n ń dúró dè é. Ṣùgbọ́n bí eré bá wọ ìṣẹ́jú 80 tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí àwọ̀n fi bọ́ọ̀lù kàn, bọ́ọ̀lù kò ní tíì ta nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì tí ọmọ kan náà yóò ti jù ú padà. Lákòókò yẹn kan náà, gólì àwọn àlejò, ìyẹn ẹni tí ó ń ṣọ́ ilé wọn, yóò ti tú okùn bàtà tí kò tú, yóò sì máa fara balẹ̀ so ó. Òdo sí òdo ni iye tí ó wà lára pátákó fún àwọn méjèèjì, síbẹ̀ ọ̀kan ń lé nǹkan, èkejì ń ṣọ́ nǹkan. Bí fèrè ìkẹyìn bá sì dún, ọ̀kan yóò jókòó sórí koríko, èkejì yóò dì mọ́ ara wọn.

Ọ̀mì ilé tí ó gbajúmọ̀ jù nínú ìtàn Sunshine Stars kì í ṣe ti ìpele ìsàlẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 2012, nínú ìpele tí ó ṣáájú àṣekágbá ìdíje Champions League ti ilẹ̀ Áfíríkà, ẹgbẹ́ náà ta ọ̀mì 3 sí 3 pẹ̀lú Al Ahly ti ilẹ̀ Íjíbítì. Ìjẹ̀bú-Òde ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n sì ti gbá "eré ilé" náà, kì í ṣe Àkúrẹ́, tí ó fi jẹ́ pé ará Òrè tí ó bá fẹ́ dúró lẹ́yìn ajá rẹ̀ kò ní yà sí ọ̀nà Oǹdó bí ó ti máa ń ṣe, tààrà ni yóò tọ òpópónà tí ó ti Bìní wá lọ sí Ṣàgámù. Nílùú Cairo, Al Ahly fi góòlù kan ṣoṣo borí, àpapọ̀ rẹ̀ di 4 sí 3, àwọn náà ni wọ́n sì gba ife náà lọ́dún yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ajá gé ọ̀bọ yìí jẹ, kí ọ̀bọ tó padà gun orí igi. Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ fún ẹni tí ń wá ìtumọ̀ òwe ni pé Al Ahly kò ní líìgì kankan tí ó ń gbá nílé ní àkókò náà, nítorí pé ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún yẹn, lẹ́yìn eré wọn pẹ̀lú Al Masry nílùú Port Said, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn èrò ìwòran, ó lé ní 70 ènìyàn tí ó kú, wọ́n sì fagi lé líìgì ọdún náà. Àwọn tí a pè ní ẹni ẹ̀yìn ni ó ya wọ orí pápá lọ́jọ́ náà. Òwe kò sọ irú ẹni tí ó gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ajá, bóyá nítorí pé ẹni tí ó dá a sílẹ̀ kò rò pé ẹni ẹ̀yìn lè fi ajá sílẹ̀ kí ó kọjú ìjà sí ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọdún 2020 tún fi ìdí nǹkan mìíràn múlẹ̀. Nígbà tí àrùn Kòrónà mú kí líìgì Jámánì àti ti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn máa gbá bọ́ọ̀lù nínú pápá òfìfo, ìṣẹ́gun ẹgbẹ́ ilé dín kù, káàdì tí àwọn rẹfirí ń yọ sí àwọn àlejò náà sì dín kù. Àwọn alátìlẹ́yìn gba èyí bí ẹ̀rí pé igbe àwọn ń ṣiṣẹ́, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n ó jọ pé etí rẹfirí ni igbe ọ̀hún ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ jù, kì í ṣe ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù. Ó yẹ kí ìyẹn kó ìtìjú díẹ̀ bá ẹni tí ó bá fẹ́ fi òwe yìí gbe ara rẹ̀, nítorí pé ọ̀tọ̀ ni kí ọdẹ hó mọ́ ọ̀bọ, ọ̀tọ̀ ni kí ó hó mọ́ adájọ́ títí tí ọwọ́ adájọ́ yóò fi máa gbọ̀n.

Òwe mìíràn wà tí ó yẹ kí wọ́n máa pa pọ̀ mọ́ èyí, pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ajá nìkan ni àwọn ènìyàn ń fi í bá wí, bí ẹni pé fèrè kì í yí ohùn padà. Ṣùgbọ́n bí ọdẹ bá fi fèrè kan náà tí ó fi ń pe ajá bú u, tí ó ní kí ó kúrò lójú òun nítorí pé ìṣẹ́jú 60 ti kọjá tí ọ̀bọ kò tíì bọ́, ó ṣòro láti mọ ohun tí ajá tí ó gbọ́ ọ yóò ṣe. Alátìlẹ́yìn tí ó wọkọ̀ láti Òrè, tí ó san owó ọ̀nà àti owó ìwọlé, ní ẹ̀tọ́ láti bínú sí ọ̀mì, nítorí pé ó dá sí ọdẹ náà, kì í ṣe àlejò ibẹ̀. Ìgbà tí ó yẹ kí ó bínú ni wàhálà wà. Ọ̀pọ̀ ni kò lè dúró lẹ́yìn fún 90 ìṣẹ́jú. Láti àárín eré ni wọ́n ti rìn lọ síwájú ajá, tí wọ́n sì dojú kọ ọ́.

Ohun tí òwe náà kò mẹ́nu kàn rárá ni pé ọ̀bọ pẹ̀lú lè ní ẹni lẹ́yìn. Òrè wà ní ibi tí ó fi lè mọ èyí ju àwọn ìlú mìíràn lọ, nítorí pé àárín òpópónà ni ó wà, ìlú tí ìjà ogun abẹ́lé Nàìjíríà ní 1967 sọ orúkọ rẹ̀ di ohun tí Yorùbá ń fi ṣàpèjúwe gbogbo nǹkan tó bá le, tí wọ́n fi ń wí pé ó le kú, ìjà Òrè. Ibẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ tí ó ti Bìní tàbí ìhà ìlà-oòrùn wá gbá bọ́ọ̀lù ní Èkó tàbí ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú máa ń gbà padà sílé. Bí bọ́ọ̀sì wọn bá dúró, tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ jẹun, fóònù kò ní yé dún, nítorí pé àwọn ará ilé wọn fẹ́ mọ bí ó ti rí. Kò sì sí èyí tí yóò dáhùn nínú wọn pé ọ̀mì ni àwọn ta. Wọ́n á ní àwọn gbé póìntì kan bọ̀. Ẹni tí ń bu ọbẹ̀ fún wọn ń gbọ́, bí ó bá sì jẹ́ ẹni tí ń tẹ̀lé líìgì, ó mọ ilé tí wọ́n ti gbé e.