Ọwọ́ Ló Ṣe É, Ọkàn Ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ méjì kan wà nínú èdè wa tí mo fẹ́ràn púpọ̀: ṣèèṣì àti mọ̀ọ́mọ̀. Bí ọmọdé bá fọ́ àwo, ohun àkọ́kọ́ tí ìyá rẹ̀ máa bi í ni pé, "Ṣé o mọ̀ọ́mọ̀ fọ́ ọ ni?" Àwo ti fọ́ ná, ìdáhùn ọmọ kò lè tò ó pọ̀ mọ́. Síbẹ̀ ìyá ń béèrè, torí ìdáhùn yẹn ni yóò fi mọ̀ bóyá ìbáwí tọ́ sí ọmọ náà. Ìbéèrè kan náà ni adájọ́ ń béèrè nílé ẹjọ́.

Nínú Ìwé Òfin Ìwà Ọ̀daràn tó ti wà nílẹ̀ yìí láti ọdún 1916, abala 24 sọ pé ènìyàn kò ní jẹ̀bi ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe láìsí ìfẹ́ inú rẹ̀, tàbí ohun tó ṣẹlẹ̀ nípa èèṣì. Ọ̀rọ̀ olè jíjà náà rí bẹ́ẹ̀. Kí òfin tó pe ènìyàn ní olè, èrò àrékérekè gbọ́dọ̀ wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó mú nǹkan náà.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sí Mile 12. Ẹni tó bá mọ ọjà yẹn mọ̀ pé apẹ̀rẹ̀ tòmátò jọ ara wọn bí ìbejì. Ká ní oníbàárà kan sọ fún alábàárù pé kó gbé apẹ̀rẹ̀ kẹta, alábàárù wá gbé ìkẹrin, ó ń sáré lọ síbi ọkọ̀ torí pé àwọn mìíràn ń dúró dè é. Ẹni tó ni ẹrù pariwo, "Olè!" Kí a tó ṣẹ́jú, ogún ènìyàn ti yí i ká, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó rí bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ gbé ẹrù ẹlẹ́rù lóòótọ́. Ṣé olè ni? Bí wọ́n bá mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n lè pe oníbàárà rẹ̀ kó wá sọ ohun tó rán an. Ìbéèrè "Ṣé o mọ̀ọ́mọ̀ ni?" ń gba àkókò, èrò tó ń bínú kò sì ní àkókò yẹn. Abala 36 ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 ní aláìṣẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí ẹ̀rí yóò fi fi hàn pé ó jẹ̀bi. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ olè, ta ló sọ pé ikú ni ìjìyà apẹ̀rẹ̀ tòmátò?

Mi ò wí pé kí gbogbo ẹni tó bá ti ní "Mi ò mọ̀ọ́mọ̀" máa lọ sílé rẹ̀ o. Awakọ̀ dánfó tó mọ̀ pé bíréèkì òun kò mú mọ́, tó ṣì kó èrò ní Ketu, kò fẹ́ pa ẹnikẹ́ni. Bó bá kọ lu ènìyàn, á ní iṣẹ́ èṣù ni. Ṣùgbọ́n ó mọ ewu, ó sì gbójú fò ó. Abala 24 kan náà kò fi ààbò rẹ̀ bo irú àìbìkítà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bi rẹ̀ kò tó ti ẹni tó dìídì pànìyàn, àmọ́ ẹ̀bi ni.

Èyí tó le jù lójú mi ni ẹ̀bi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ dá. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, wọ́n lu ọ̀dọ́kùnrin kan pa ní Lekki, níhìn-ín ní Èkó, lórí owó ọ̀kadà. Nínú irú èyí, oníkálukú á ní, "Ìgbátí kan péré ni mo fún un," bí ẹni pé bí a bá pín ikú kan sí ọ̀nà ogún, á di nǹkan kékeré. Òfin kò gbà bẹ́ẹ̀. Abala 8 ní bí àwọn ènìyàn bá jọ pinnu láti ṣe ohun tí kò bófin mu, tí ohun tó ṣeé ṣe kó tìdí rẹ̀ yọ sì ṣẹlẹ̀, gbogbo wọn ló ṣe é. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2012, wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́rin ní Aluu, lẹ́bàá Port Harcourt, lẹ́yìn tí wọ́n pè wọ́n ní olè. Ní 2017, ilé ẹjọ́ gíga dájọ́ ikú fún ènìyàn mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ náà. Ọlọ́pàá kan wà nínú wọn, ẹni tó yẹ kó dá àwọn èrò dúró!

Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Abala 7 sún mọ́ òwe yìí: ẹni tó ranni lọ́wọ́ láti ṣẹ̀ jẹ̀bi bí ẹni tó ṣẹ̀ gan-an. Nítorí náà, ẹni tó lọ gbé táyà wá kò lè sọ pé òun kò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Ẹni tó kàn dúró tó ń fi fóònù ya fídíò ńkọ́? Wíwà níbẹ̀ nìkan kò sọni di ọ̀daràn lójú òfin. A jiyàn lórí èyí ní kíláàsì wa títí aago fi lù. Ní tèmi, òfin ṣe dáadáa tí kò fi í sẹ́wọ̀n, torí ẹ̀rù lè ba ènìyàn láti dá sí i. Ṣùgbọ́n fóònù tó fi ń ya fídíò yẹn náà ló lè fi pe 112, ìpè ọ̀hún kò sì gba kọ́bọ̀.