EWÉ TÚTÙ KÌ Í ṢE ÈSO



Nínú Ìhìn Rere Lúùkù, orí 13, ẹsẹ 6 títí dé 9, Olúwa wa pa òwe ọkùnrin kan tí ó ní igi ọ̀pọ̀tọ́ nínú ọgbà àjàrà rẹ̀, tí ó sì wá èso lórí rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta láìrí. A kò gbọ́ pé igi náà gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọ́ pé kò léwé. Èso ni kò ní. Kí ọ̀rọ̀ yìí baà lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a wọ inú oko ọsàn lọ, irú èyí tí baba, ìyá àti àwọn ọmọ ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ní agbègbè Ìbàdàn.

Ẹni tí ó gbin kóró ọsàn lè dúró tó ọdún 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó fi ẹnu kàn án. Nítorí náà ni àwọn àgbẹ̀ ṣe ń lọ́ ọsàn dídùn sára ọsàn kíkan, tí gbòǹgbò rẹ̀ le. Wọn a fi ọ̀bẹ mímú la èèpo rẹ̀, wọn a ki ojú èéhù ọsàn dídùn bọ̀ ọ́, wọn a sì dì í. Irú igi bẹ́ẹ̀ a máa so láti ọdún kẹta sí ìkarùn-ún. Iṣẹ́ yìí wà lára ohun tí à ń ṣe ní ilé ìwádìí èso àti ewébẹ̀ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Ìdí-Ìṣin, Ìbàdàn, ní ọdún 1975.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta, ọsàn a tanná funfun, òórùn rẹ̀ a sì gba oko kan. Ní ìgbà òjò, baba a máa ro ìdí igi. Ìyá a máa gbin ẹ̀pà àti ẹ̀wà sí àárín àwọn igi kékeré, kí ilé lè rí nǹkan jẹ kí ọsàn tó so. Láti nǹkan bí oṣù kẹwàá títí dé oṣù kìíní, àwọn ọmọ a fi gọ̀gọ̀ já ọsàn, ìyá a sì ṣà á sínú agbọ̀n lọ sí ọjà. Owó ilé-ìwé, owó oògùn, owó aṣọ, inú agbọ̀n náà ni gbogbo rẹ̀ wà.

Ṣùgbọ́n ohun méjì ń ba irú oko bẹ́ẹ̀ jẹ́, àwọn méjèèjì ni ó sì léwé. Èkínní ni àfòmọ́. Ẹyẹ ni í jẹ èso rẹ̀, tí í sì fi kóró rẹ̀, tí ó lẹ̀ bí àtè, sílẹ̀ lórí ẹ̀ka. Àwọn àgbà wí pé àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, igi gbogbo ní í bá tan. Yóò wọ inú ẹ̀ka, yóò máa mu omi tí kì í ṣe tirẹ̀. Nígbà ọyẹ́, tí ewé ọsàn ń rọ, tirẹ̀ ń tutù. Èkejì ni èéhù tí ó yọ láti ìsàlẹ̀ ibi tí a ti lọ́ ọsàn. Ọsàn kíkan àtijọ́ ni, ẹlẹ́gùn-ún, ó sì lè yára dàgbà ju èyí dídùn lọ. Bí a bá fi í sílẹ̀, yóò borí rẹ̀. Èrò ọ̀nà yóò máa yin oko náà pé ó tutù. Àgbẹ̀ nìkan ni ó mọ̀ pé ebi ń bọ̀ wá sí ilé òun.

Ẹ̀yin ará, báyìí ni ọ̀pọ̀ ilé wa rí, àti ìjọ wa pẹ̀lú. A lè ní ẹgbẹ́ púpọ̀ àti ìkórè tí ariwo rẹ̀ gba ìlú, kí owó alágbàṣe tí ó ro oko wa sì wà lọ́wọ́ wa síbẹ̀. Gbèsè tí a jẹ nítorí ayẹyẹ, àfòmọ́ ni. Owó ilé-ìwé ọmọ ni ó ń mu. Irọ́ àti ìbínú tí ó ti mọ́ wa lára kí Ìhìn Rere tó wọ ilé wa, èéhù ìsàlẹ̀ ni. Ní tòótọ́ a ti lọ́ wa, ṣùgbọ́n gbòǹgbò àtijọ́ kò sùn. Ẹ̀yin olùkọ́, ọmọ tí ó mọ Kátíkísìmù sórí ti léwé. Ẹ wò ó bóyá ó ń dá owó tí ó ṣẹ́kù padà nígbà tí a bá rán an lọ sí ọjà.

Bí a bá ya ewé àfòmọ́ lásán, yóò tún hù. Ẹ̀ka tí ó jókòó lé ni a ó gé, ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 1 sí ìhà ìdí igi, bí ẹ̀ka náà tilẹ̀ lè so. Ó ń dun àgbẹ̀, níhìn-ín sì ni ọ̀pọ̀ ti ń dá ọwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣàánú ẹ̀ka kan lè pàdánù igi.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn ìkórè, ni ìgbà àdá. Ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì ń parí lọ ni Lẹ́ńtì máa ń dé bá wa. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù wa mú àdá lọ sí oko ara rẹ̀, kí ó fi ti aládùúgbò sílẹ̀. Kí ẹni tí ó jẹ alágbàṣe lówó san án kí Ọjọ́ Àjíǹde tó dé. Kí tọkọtaya jókòó ka gbèsè wọn, kí wọ́n sì gé ohun tí ó ń bí i.

Olùtọ́jú ọgbà inú òwe nì bẹ̀bẹ̀ fún ọdún kan sí i. Ṣùgbọ́n kò bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ òfo, ó ṣèlérí pé òun yóò tu ilẹ̀ ìdí igi náà, òun yóò sì bu ìlẹ̀dú sí i. Inú ọdún tí a tọrọ fún wa náà ni gbogbo wa wà yìí. Kí Olúwa kí ó fún wa ní ọwọ́ tí yóò gé, àti sùúrù tí yóò dúró de òjò, kí a lè bá èso lórí wa nígbà tí Olóko bá dé. Àmín.