Alágbára tí Ewu Wà Lára Rẹ̀: Ṣé Kí A Mú Un Sínú Ẹgbẹ́?

  

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni a fẹ́ fi ṣe àròjinlẹ̀ lóṣù yìí. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ eré lásán ni. Láti Maryland dé Oregun, láti Ìkejà dé Agége, bóyá ni àdúgbò kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ kì í ti í gbá bọ́ọ̀lù láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ní ẹgbẹ́ tiwọn, àwọn ọmọ àdúgbò ní tiwọn. Níbikíbi tí wọ́n bá sì ti ń ṣa agbábọ́ọ̀lù, ìbéèrè kan kì í pẹ́ yọjú. Ọmọ kan wà, ó ga, ó sígbọnlẹ̀. Bí ó bá dúró lẹ́yìn, agbára káká ni ẹnikẹ́ni yóò fi gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ewu wà lára rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé inú rẹ̀ máa ń tètè ru, tí ó ń gbá ẹsẹ̀ ènìyàn dípò bọ́ọ̀lù. Ó lè jẹ́ pé àìsàn kan wà nínú ara rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ọjọ́ orí tí ó pè kì í ṣe tirẹ̀. Ṣé kí a mú un, àbí kí a fi í sílẹ̀?

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni ìbéèrè yìí wà. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, níbi tí wọ́n ti ń gbá hockey lórí omi dídì, àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá máa ń tò tẹ̀ léra wọn lọ́dọọdún láti ṣa àwọn ọ̀dọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ tí ó bá fi ipò rẹ̀ mú òmìrán tí ewu wà lára rẹ̀ ti fi ẹlòmíràn tí ara rẹ̀ balẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn. Àwọn kan á ní ẹni tí kò bá lè wewu kò lè jèrè. Àwọn mìíràn á ní alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ní ìtumọ̀. Kí ni ẹ̀sìn wa rí sí i?

Ìtàn Ànábì Músá

Nínú Súrátùl Qasas, Ọlọ́hun sọ fún wa nípa Ànábì Músá, kí ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Ní ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ní Íjíbítì, ó bá àwọn méjì tí wọ́n ń jà, ọ̀kan nínú wọn tí í ṣe ènìyàn rẹ̀ sì ké pè é fún ìrànlọ́wọ́. Ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó kan ẹnì kejì, ọkùnrin náà sì kú. Ó kábàámọ̀, ó tọrọ àforíjì, Ọlọ́hun sì forí jìn ín. Nígbà tí ó gbọ́ pé wọ́n ń gbèrò láti pa òun, ó sá lọ sí Mádíyánà. Níbẹ̀ ni ó ti bá àwọn ọmọbìnrin méjì fún ẹran wọn ní omi. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ bàbá wọn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ní kí bàbá òun gbà á síṣẹ́. Ìdí méjì ni ó mú wá: ó lágbára, ó sì ṣeé fọkàn tán.

Àwọn oníwáàsí wa máa ń mẹ́nu ba àmọ̀ràn ọmọbìnrin yìí dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣáájú rẹ̀. Kí bàbá náà tó gbà á síṣẹ́, Músá ti ro gbogbo ìtàn ara rẹ̀ fún un. Bàbá mọ ohun tí ó lé e kúrò nílùú. Kò fi ìyẹn lé e dànù, bẹ́ẹ̀ ni kò sì díbọ́n bí ẹni tí kò gbọ́. Ó bá a ṣe àdéhùn tí ó ní iye ọdún: ọdún 8, bí ó bá sì wu Músá kí ó pé 10, ọwọ́ rẹ̀ ni ìyẹn wà. Ó sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé òun kò fẹ́ ni í lára. Ẹ rí i pé nǹkan mẹ́ta ló wà níbẹ̀: òtítọ́ ṣáájú, wọ́n ti rí ìwà rẹ̀ lójú ara wọn, àdéhùn sì ní ààlà. Bí a bá wá mú apá agbára nìkan nínú ìtàn yìí, a ti já a sí méjì.

Ta ni ewu náà yóò já lé lórí?

Ṣéèkù Ibn Taymiyyah, tí ó kú ní Damásíkù ní ọdún 1328, kọ nínú ìwé rẹ̀ lórí ìṣèlú Sẹ́ríà pé ó ṣọ̀wọ́n kí agbára àti ìfọkàntán pé sára ẹnì kan ṣoṣo. Bí àwọn àgbà wa ti máa ń wí ni: ẹni tí ó ní orí kò ní fìlà, ẹni tí ó ní fìlà kò ní orí. Ó mú ọ̀rọ̀ Ìmáàmù Ahmad wá, ẹni tí wọ́n bi nípa olórí ogun méjì, ọ̀kan lágbára ṣùgbọ́n ó ń dẹ́ṣẹ̀, èkejì jẹ́ olùbẹ̀rù Ọlọ́hun ṣùgbọ́n ó lẹ. Ìmáàmù yan alágbára, nítorí pé agbára rẹ̀ jẹ́ ti gbogbo Mùsùlùmí, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sì wà lọ́rùn ara rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sáré gbá ìdáhùn yìí mú pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, kí a mú alágbára. Ẹ rọra. Ẹ wo ìdí tí Ìmáàmù fi sọ bẹ́ẹ̀: àléébù ọkùnrin náà kò kọjá ọrùn rẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù tí ó ń ṣá ènìyàn lẹ́sẹ̀ ńkọ́? Àléébù tirẹ̀ kì í dúró lọ́rùn rẹ̀. Ojúgun ọmọ ọlọ́mọ ni ó ń balẹ̀ sí. Nítorí náà, kí a tó béèrè bí ewu náà ti tóbi tó, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè ẹni tí yóò rù ú.

Ewu tí ó wà fún òun fúnra rẹ̀

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1989, ní Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-Èdè ní Sùúrùlérè, Samuel Okwaraji ṣubú lórí pápá nígbà tí Nàìjíríà ń bá Àngólà gbá bọ́ọ̀lù láti lọ sí Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé. Agbẹjọ́rò ni, ọmọ ọdún 25 ni, ó sì kú. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ikú rẹ̀ fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi ju bí ó ti yẹ lọ, ìfúnpá rẹ̀ sì ga.

Ní ọdún 1996, Nwankwo Kanu, tí ó ga fíofío, ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe olórí ikọ̀ tí ó gba wúrà ní Òlíḿpíìkì ni, Inter Milan ti Ítálì sì ti rà á. Àwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé ọkàn rẹ̀ ní àbùkù. Wọn kò jẹ́ kí ó gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ó padà sórí pápá ní 1997, Arsenal rà á ní 1999. Ní ọdún 2000 ó dá àjọ kan sílẹ̀ tí ń ran àwọn tí ó ní àrùn ọkàn lọ́wọ́. Ọlọ́hun ni ó ni ẹ̀mí, àyẹ̀wò sì ni okùnfà tí Ó lò.

Ẹnì kan lè sọ pé: bí ọmọ náà bá mọ àìsàn rẹ̀, tí ó ní òun gbà bẹ́ẹ̀, kí ló kàn wá? Ó kàn wá púpọ̀. Nínú ẹ̀sìn wa, ara kì í ṣe ohun ìní ẹni tí ó gbé e wọ̀; Ọlọ́hun ló fi ṣọ́ ọ. Ọmọ tí kò ní ohun mìíràn ju ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lọ yóò sì gbà sí ohunkóhun tí a bá ní kí ó gbà sí. Ebi ni ó ń bá a sọ ọ́. Ẹni tí ó bá fi irú ìgbà-bẹ́ẹ̀ yìí ṣe ẹ̀rí, tí ó sì tì í sórí pápá láìjẹ́ pé dókítà yọ̀ǹda, ẹ̀mí ọmọ náà ni ó ń fi ta tẹ́tẹ́.

Ewu tí ó wà fún ẹlòmíràn

Taribo West gbá bọ́ọ̀lù fún Julius Berger ní Èkó níbí kí ó tó lọ sí Auxerre ní ilẹ̀ Faransé ní 1993. Agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tí ó le, tí iwájú máa ń bẹ̀rù, ni. Ó wà nínú ikọ̀ tí ó gba wúrà ní 1996. Ṣùgbọ́n nígbà tí Inter Milan ń bá Lazio gbá àṣekágbá ife UEFA ní Paris ní oṣù Karùn-ún ọdún 1998, káàdì pupa ni ó gbà kí eré tó parí. Inter ti ń na Lazio ní 3 sí 0, nítorí náà kò ṣe nǹkan kan. Bí eré bá wà ní òdo sí òdo ńkọ́? Síbẹ̀, ta ni yóò sọ pé kò yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí mú un? Agbára rẹ̀ wúlò fún wọn, rẹfirí àti òfin sì wà láti kó o níjàánu.

Ìtàn kan wà nínú ẹ̀sìn wa tí ó jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ní ọdún kẹjọ Híjírà, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun rán Khálíd ọmọ Walíd sí ìran Banū Jadhīmah. Khálíd kánjú, wọ́n sì pa àwọn ènìyàn tí kò yẹ kí a pa. Nígbà tí Ànábì gbọ́, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó sì yọ ara rẹ̀ níwájú Ọlọ́hun kúrò nínú ohun tí Khálíd ṣe. Ó rán Álíyù lọ láti san owó ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó kú. Kò sì torí rẹ̀ da Khálíd nù. Ó ṣì ń rán an níṣẹ́. Ẹ kíyè sí i: wọn kò pe àṣìṣe ní akin, ẹni tí ó rán alágbára níṣẹ́ ni ó sì san gbèsè tí alágbára dá.

Ìwọ̀n nìyẹn. Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ mú ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le, ṣé yóò san owó ilé ìwòsàn ẹni tí ó bá ṣe léṣe? Ṣé akọ́nimọ̀ọ́gbá yóò yọ ọ́ jáde kí rẹfirí tó lé e, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé eré ń lọ sópin? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ mú un, kí ẹ tún un kọ́. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, èrè nìkan ni ẹ fẹ́ jẹ, ẹ sì fẹ́ kí ẹlòmíràn jẹ gbèsè.

Ewu irọ́

Ní ti ọjọ́ orí, a kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ànábì wa ti ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, ó rí i pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ tutù, ó sì bi olówò náà léèrè ìdí tí kò fi gbé èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i. Ọjọ́ orí irọ́ ni ìsàlẹ̀ òkìtì tí ó tutù. Ní 1989, àjọ FIFA fòfin de Nàìjíríà fún ọdún 2 nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́, nítorí pé ọjọ́ ìbí àwọn agbábọ́ọ̀lù 3 kò bá èyí tí wọ́n ti kọ tẹ́lẹ̀ mu. Ìdíje àwọn ọ̀dọ́ àgbáyé ti 1991 tí ó yẹ kí ó wáyé níbí bọ́ sọ́wọ́ Pọtogí. Àwọn ọmọ tí kò purọ́ ni ó jìyà rẹ̀ jù. Irú ewu yìí kò ní àdéhùn kankan: kí a má mú un, àfi bí ó bá sọ òtítọ́, kí ó sì bá ẹgbẹ́ rẹ̀ gbá.

Ìmọ̀ràn wa

Ohun tí a ń sọ yìí kò mọ sórí pápá. Fọ́mánì tí ó fẹ́ gba géńdé onínúfùfù sídìí ẹ̀rọ ní Ìkejà, ẹgbẹ́ tí ó fẹ́ yan ẹni tí ẹnu rẹ̀ múná ṣe olórí, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń dáhùn. Kí a sọ ewu náà jáde fún gbogbo ẹni tí ó lè kàn. Kí a wo ìwà rẹ̀ fúnra wa, kí a má gbẹ́kẹ̀ lé ìròyìn. Kí a fi ààlà sí àdéhùn. Kí àwa tí a yàn án sì gbà láti ru ohun tí ó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pé, a kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rù lé ọ̀dọ́ alágbára dànù, nítorí ẹ̀bùn Ọlọ́hun ni agbára. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ níbẹ̀, kí a fi í sílẹ̀, kódà bí ife-ẹ̀yẹ yóò bá a lọ.

Ẹ̀yin géńdé wa náà, ẹ rántí pé nígbà tí Úmárù yọ Khálíd kúrò nípò olórí ogun, Khálíd kò bínú lọ. Ó ń jà lábẹ́ Abū Ubaydah gẹ́gẹ́ bí ọmọ ogun. Ẹni tí a bá ní kí ó jókòó tí ó sì jókòó, òun ni agbára rẹ̀ ṣeé fọkàn tán.

Kí Ọlọ́hun Ọba má ṣe fi agbára wa pa wá lára, kí Ó má sì ṣe fi ọmọ ọlọ́mọ san gbèsè ojúkòkòrò wa. Àmín.