Ajá tí a Fi sí Ìkáwọ́ Wa

Ará mi ọ̀wọ́n, bí aládùúgbò rẹ bá rìnrìn-àjò, tí ó sì fi ajá rẹ̀ sí ìtọ́jú rẹ, ta ni yóò mọ̀ bí o bá fi ìyà jẹ ẹ́? Ajá kò lè ròyìn.

Mo tọ́jú irú ajá bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọjọ́ kan ó já okùn, ó sì sá lọ. Mo pè é títí. Nígbà tí ó padà wá bá mi, mo nà án. Mo rò pé ẹ̀kọ́ ni mo ń kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ajá kì í so irú ìyà bẹ́ẹ̀ mọ́ sísá tí ó ti sá lọ; ohun tí ó mọ̀ ni pé a pe òun, òun wá, a sì na òun. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá pè é, òkèèrè ni yóò dúró sí.

Nígbà tí ẹni tí ó ni ín dé, ó bi mí pé, “Tísà, kí ni ẹ fi ajá mi ṣe?” Ojú tì mí kí n tó lè jẹ́wọ́.

Àwọn àgbà a máa wí pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni ọdẹ ṣe fún un nígbà tí ó kọ́kọ́ jẹ́ ìpè? Bí a bá yìn ín, tí a sì fún un ní ẹran díẹ̀ lójú ẹsẹ̀, yóò tún wá.

Òwe 12:10 ka ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn mọ́ ìwà olódodo. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ara wa wò: ọmọ tí ó wá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún wa, ǹjẹ́ yóò tún padà wá bí?